Àádọ́rùn-ún Máìlì Omi: Ìtàn Ọkọ̀ Òfurufú Akérò ní Erékùṣù Kúbà

Mo mọ̀ pé orí-ọ̀rọ̀ tí mo mú yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo ń ṣe. Oríkì, ìjálá àti ìwé ìtàn àròsọ ni mo ti fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún kọ́ ènìyàn nínú ọgbà yìí. Kí ni ó wá kan irú mi nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti pápá ọkọ̀ òfurufú?

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí Kúbà láti gbọ́ orin àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù náà, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ wa lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Nígbà tí mo ń wá ọ̀nà tí n ó gbà lọ, n kò rí ọkọ̀ òfurufú kankan tí yóò gbé mi láti Èkó lọ tààrà sí Havana. Yúróòpù ni mo gbà. Mo sun òru kan ní ilẹ̀ àjèjì kí n tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Lórí ìjókòó mi ni mo ti ń rò ó pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè kò yà síbì kan: etíkun wa ni wọ́n ti gbéra, òkun kan ṣoṣo ni wọ́n là, etíkun Kúbà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Èmi tí mo ní ìwé ìrìnnà, tí mo sì san owó ọkọ̀ mi, èmi ni mo ń yí po.

A ti máa ń sọ ọ́, àní a máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, pé ọkọ̀ òfurufú ti sọ ayé di kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Bí a bá wo ìtàn Kúbà dáadáa, a ó rí i pé ọ̀nà kan náà, lórí omi kan náà, lè jẹ́ ìrìn wákàtí kan lónìí, kí ó di ìrìn ọjọ́ méjì lọ́la, láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Ẹni tí ó ń fún ni láṣẹ ni ó ń na ọ̀nà, òun náà ni ó sì ń ká a kò.

Omi tí mo ń wí yìí wà láàrin Key West, tí ó jẹ́ ìlú tí ó kángun sí gúúsù ní Florida, àti Havana. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún máìlì ni. Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Ìbàdàn rí mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ní ọdún 1902 ni Kúbà di orílẹ̀-èdè olómìnira, ṣùgbọ́n títí di ọdún 1934 ni òfin kan tí a ń pè ní Àtúnṣe Platt fún Amẹ́ríkà láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Òmìnira ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Inú irú òmìnira yìí ni ọkọ̀ òfurufú bá Kúbà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fò kọjá ni J. A. D. McCurdy, ará Kánádà. Ní oṣù Kínní ọdún 1911 ó gbéra ní Key West. Ó ti ń wo Havana lọ́ọ̀ọ́kán kí òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dà á. Orí omi ni ó sọ̀ sí, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni ó sì yọ ọ́. Ọdún méjì kọjá. Ìlú Havana wá fi ẹ̀bùn owó ńlá síta fún ẹni tí yóò bá ṣe é ní àṣeyọrí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1913, Domingo Rosillo fi ọkọ̀ abìyẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé fò láti Key West, ó sì bà sí pápá àwọn ológun tí a ń pè ní Columbia, ní ẹ̀bá Havana. Ìrìn náà lé ní wákàtí méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Agustín Parlá gbéra láti ibi kan náà nínú ọkọ̀ tí ó lè bà sórí omi, ó sì dé Mariel, ní ìwọ̀-oòrùn olú-ìlú. Àlùjíríà ni a ti bí Rosillo. Key West gan-an ni a ti bí Parlá, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ ti sá kúrò ní Kúbà ní ayé àwọn Sípéènì. Àwọn méjèèjì tí a ń pè ní baba ọkọ̀ òfurufú Kúbà, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti wáyé. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn àwọn akọni ni àwọn oníṣòwò dé. Ní ọdún 1920 òfin Amẹ́ríkà ka ọtí léèwọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, Havana sì wà nítòsí, ọtí sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Aeromarine bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí a tún ṣe, irú èyí tí ń bà sórí omi, kó èrò àti lẹ́tà láàrin Key West àti Havana. Lẹ́tà ni ìjọba ń sanwó fún. Òùngbẹ ọtí ni ó ń kó èrò wá. Ní oṣù Kínní ọdún 1923, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, Columbus, já sórí omi yìí nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, èrò mẹ́rin sì bá a lọ. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé.

Ilé-iṣẹ́ tí ó wá gba ipò rẹ̀ ni gbogbo ayé padà mọ̀ sí Pan American. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Juan Trippe, ni ó jẹ́ agbátẹrù rẹ̀. Orúkọ Sípéènì ni Juan, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni. Ohun tí Trippe ní tí àwọn abánidíje rẹ̀ kò ní ni ìwé àṣẹ tí Ààrẹ Gerardo Machado fún un, pé òun nìkan ni ó lè gbé ọkọ̀ bà sí Havana. Ọkọ̀ kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ tí ilẹ̀kùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò tí iṣẹ́ lẹ́tà gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1927, ọkọ̀ Fokker tí wọ́n rà kò tíì lè fò. Wọ́n sáré háyà ọkọ̀ kékeré kan tí ó kàn ń kọjá lọ, La Niña, òun ni ó gbé àpò lẹ́tà méje dé Havana. Ọjọ́ 28 oṣù náà ni Fokker tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Kí ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀? General Machado. Àwa tí a mọ iṣẹ́ oríkì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹni tí ó fún ni ní ọ̀nà ni a ń kì.

Ọ̀nà yìí kò pẹ́ tí ó fi kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú ní ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé jàǹfààní rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1928, General Machado yìí kan náà gbéra láti Havana lọ sí Key West, ó ṣìnà, ó kọjá Key West láìmọ̀, epo rẹ̀ tán lórí Òkun Mẹ́síkò, èrò kan sì kú. Hugo Leuteritz, onímọ̀ rédíò, wà nínú ọkọ̀ náà. Ó yè é. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láti ṣe ẹ̀rọ rédíò tí ọkọ̀ òfurufú yóò máa fi mọ ibi tí ó wà nígbà tí ojú kò bá rí ilẹ̀. Àádọ́rùn-ún máìlì péré, síbẹ̀ ènìyàn lè sọnù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1929 ni a dá ilé-iṣẹ́ tí ó wá di Cubana sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Curtiss ti Amẹ́ríkà ni ó dá a. Ọdún kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàrin Havana àti Santiago de Cuba, tí ó wà ní ìpẹ̀kun kejì erékùṣù náà. Ní ọdún 1932 Pan American rà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Kúbà ni ó wà lára ọkọ̀, New York ni àpò owó wà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ Kúbà ń ra ìpín nínú rẹ̀, títí tí Pan American fi ta èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1954. Cubana bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Miami ní ọdún 1945, ó sì dé Madrid ní ọdún 1948.

Nípa pápá ọkọ̀ tí a ṣí ní Rancho Boyeros ní ọdún 1930, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Orúkọ José Martí ni ó ń jẹ́. Akéwì ni Martí. Ìgbèkùn ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, kí ó tó padà sílé ní ọdún 1895 láti kú lójú ogun òmìnira. N kò mọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó fi orúkọ akéwì tí ó jẹ́ ìsáǹsá sọ ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀.

Àwọn ọdún wọ̀nyí ni a lè pè ní ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1945, Havana ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ayé péjọ sí láti dá IATA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ètò ìwé ìwọkọ̀ fún gbogbo ayé. Ní ẹ̀wádún àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ Cubana kan wà tí ó ń gbé àwọn olówó láti Miami lọ sí ilé ijó Tropicana, tí àwọn olórin àti oníjó sì wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń dá wọn lárayá lójú òfurufú. Wọn a jó mọ́jú, wọn a sì padà sí Miami lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ń jó àti ẹni tí ń lùlù. Alágbàro ìrèké ní Oriente, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí títí wọ́n fi kú. Ìtàn tí ó sọ ti Tropicana tí kò sọ ti alágbàro kò tíì pé.

Ogun Fidel Castro àti Ààrẹ Fulgencio Batista dé ojú òfurufú náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1958, àwọn ọkùnrin kan fi ìbọn gba ọkọ̀ Cubana tí ó ń ti Miami bọ̀ ní Varadero. Ọkọ̀ náà ṣubú sínú omi ní Nipe, ènìyàn 17 nínú 20 ni ó kú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1959, Batista wọ ọkọ̀ òfurufú ní Columbia, ó sá lọ sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dòmíníkà. Columbia tí mo wí yìí, pápá tí Rosillo fi ìyìn bà sí ní ọdún 1913 ni.

Ní ọdún 1959 yìí ni ìjọba tuntun gba Cubana. Gbèsè, ẹjọ́ àti ìbínú wá gorí ara wọn. Nígbà tí Castro lọ sọ̀rọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ Cubana tí ó gbé e lọ sí New York, nítorí gbèsè tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ pé Kúbà jẹ wọ́n. Àwọn ará Sófíẹ̀ẹ̀tì ni wọ́n yá a ní ọkọ̀ tí ó gbé e padà sílé. Bí ènìyàn bá ń wá ọjọ́ tí ọ̀nà Kúbà yí padà, ó lè mú ọjọ́ náà.

Iyàrá dígí

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Láàrin oṣù Kejìlá ọdún 1960 àti oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ó lé ní 14,000 ọmọdé tí àwọn òbí wọn gbé sínú ọkọ̀ òfurufú ní Havana, tí wọ́n lọ sí Miami láìsí bàbá, láìsí ìyá. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé ìjọba yóò gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní Miami àti ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ètò gbígbà wọ́n. Àwọn òbí rò pé oṣù díẹ̀ ni.

Ní pápá ọkọ̀ Rancho Boyeros ní àkókò náà, iyàrá kan wà tí wọ́n fi dígí gé kúrò lára ìyókù ilé náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò á wọlé síbẹ̀, wọn á yẹ ìwé àti ẹrù rẹ̀ wò, kò sì ní lè jáde mọ́ àfi bí ó bá ń lọ wọ ọkọ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ á wà lódì kejì dígí. Wọ́n ń rí ara wọn, wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn. Àwọn ènìyàn Kúbà fún iyàrá náà ní orúkọ, *la pecera*, ìyẹn àwo dígí tí a ń sin ẹja sí. Ìjọba kọ́ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn tí ń sunkún ni ó ti jáde. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yìí ni mo mọ̀ pé ìtàn yìí kan onímọ̀ lítíréṣọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, nígbà tí a rí àwọn àdó olóró Sófíẹ̀ẹ̀tì ní Kúbà, ọkọ̀ òfurufú láàrin Havana àti Miami dúró gbọnrangandan. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Latin Amẹ́ríkà, Mẹ́síkò nìkan ni ó kù lẹ́yìn ọdún 1964 tí kò já okùn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Kúbà. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní Havana tí àbúrò rẹ̀ wà ní Miami, bí ó bá tilẹ̀ rí ìwé àṣẹ gbà, ó ní láti gba Ìlú Mẹ́síkò tàbí Madrid. Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí ó gba Cairo kọjá! Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Àwọn ará Sófíẹ̀ẹ̀tì náà rí ìṣòro ọ̀nà. Ọkọ̀ wọn Tu-114, tí ó tóbi ju gbogbo ọkọ̀ akérò ìgbà náà lọ, kọ́kọ́ gba Conakry ní Gínì lọ sí Havana ní ọdún 1962, níbi tí wọ́n ti ń rọ epo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àdó olóró dé, Gínì kọ̀ fún wọn, Sẹ̀nẹ̀gà náà kọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ilẹ̀kùn tí ó lè tì. Láti ọdún 1963 àríwá ni wọ́n gbà, láti ọ̀nà Murmansk, lórí òkun yìnyín. Wọ́n yọ ìjókòó kúrò nínú ọkọ̀ kí ó lè gbé epo tí yóò tó ọ.

Ilẹ̀kùn náà tún ṣí díẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1965 títí di oṣù Kẹrin ọdún 1973, nípa àdéhùn ìjọba méjèèjì, ọkọ̀ òfurufú ń gbéra láti Varadero lọ sí Miami lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ènìyàn tí wọ́n kó lé ní 250,000. Ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni. Kò sí àbọ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀ á pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba á wá ka ohun ìní ilé rẹ̀ títí dórí ṣíbí, nítorí pé ìjọba ni yóò jogún wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn tó iṣẹ́ ológun kò gbọdọ̀ lọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní àkókò kan náà, àwọn mìíràn ń fi ipá gba ọ̀nà náà ní òdìkejì. Láti ọdún 1968 jíjá ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà gbà lọ sí Havana fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ojoojúmọ́. Àwọn kan ń sá fún ẹjọ́, àwọn kan rò pé párádísè ni àwọn ń lọ, ti àwọn kan kò yé ẹnikẹ́ni. Ó burú débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ wọn ní àwòrán ilẹ̀ pápá ọkọ̀ Havana kí wọ́n lè bà síbẹ̀ láìséwu. Kúbà a dá ọkọ̀ àti èrò padà, a sì gba owó ìbalẹ̀. Ajáwọgbà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀wọ̀n ni í bá níbẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1973 ni Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí a máa yẹ ara gbogbo èrò àti ẹrù wọn wò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ìjọba méjèèjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹni tí ó bá já ọkọ̀ gbà yóò jìyà. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bẹ́líìtì yín ní Ìkẹjà, ẹ rántí omi àádọ́rùn-ún máìlì yẹn.

Ọdún 1976

Kí n tó dé orí èyí, mo ní láti sọ òtítọ́ kan tí àwọn ọ̀rẹ́ Kúbà kì í fẹ́ gbọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ọkọ̀ akérò Cubana ni ó gbé àwọn ọmọ ogun Kúbà àkọ́kọ́ tí ó lọ jà ní Àǹgólà, ọmọ ogun 82 nínú aṣọ ilé, nínú Britannia tí ó ti gbó. Gabriel García Márquez kọ ìtàn ìrìn náà ní ọdún 1977 pẹ̀lú ìyìn púpọ̀. Barbados wà lára ibi tí wọ́n ti ń rọ epo. Èmi kò bá García Márquez yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àǹgólà nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun South Africa tí ń bọ̀ wá kọlù ú, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá fi ọkọ̀ akérò kó ọmọ ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí pa ààlà tí ó ń dáàbò bo èrò rẹ́.

Síbẹ̀, kò sí ohun tí ó lè dá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1976 láre. Ọkọ̀ Cubana DC-8 kan ń ti Guyana bọ̀, ó ti yà ní Trinidad, ó ti yà ní Barbados, ó ń lọ sí Jàmáíkà kí ó tó dé Havana. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbéra ní Barbados, bọ́ǹbù bú nínú rẹ̀. Awakọ̀ gbìyànjú láti yí padà. Kò dé ilẹ̀. Ènìyàn 73 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó kú: ọmọ Kúbà 57, ọmọ Guyana 11, àti ará Àríwá Kòríà 5. Ènìyàn 24 nínú àwọn ọmọ Kúbà wọ̀nyí ni ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi idà díje. Caracas ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti gba gbogbo àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ Guyana ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Kúbà.

Ọkùnrin Venezuela méjì, Freddy Lugo àti Hernán Ricardo, wọ ọkọ̀ náà ní Trinidad, wọ́n sì sọ̀ ní Barbados. Ilé-ẹjọ́ Venezuela rán wọn lẹ́wọ̀n ogún ọdún. Àwọn méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé àwọn ni wọ́n rán wọn níṣẹ́ ni Orlando Bosch àti Luis Posada Carriles, ọmọ Kúbà tí wọ́n ń gbé ní ìgbèkùn. Ilé-ẹjọ́ dá Bosch sílẹ̀. Posada sá jáde lẹ́wọ̀n ní ọdún 1985 kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí. Florida ni àwọn méjèèjì ti darúgbó tí wọ́n sì kú, Bosch ní ọdún 2011, Posada ní ọdún 2018. Nígbà tí Castro ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú àwọn òkú náà, ó kéde pé Kúbà jáwọ́ nínú àdéhùn ọdún 1973.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1996, ọkọ̀ ogun òfurufú Kúbà yìnbọn lu ọkọ̀ kékeré méjì tí kì í ṣe ti ológun, tí àwọn ìgbèkùn ní Miami rán wá. Ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé ìta ààlà Kúbà ni wọ́n ti yìnbọn náà. Kúbà náà jẹ̀bi níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ ti jẹ̀bi. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni òfin Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Helms-Burton, tí ó sọ ìfòfin-de-òwò di líle ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìfòfinde yìí ti ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ òfurufú, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni Kúbà kò lè rà. Bí ohun èlò tí Amẹ́ríkà ṣe bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ kan lọ, ẹni tí ó ni ín kò gbọdọ̀ tà á fún Kúbà láìgba àṣẹ Washington, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ Faransé ni a ti tò ó. Kò sì wọ́pọ̀ kí ọkọ̀ ńlá tí àwọn Yúróòpù ń ṣe má ní ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Fún ìdí èyí, ọkọ̀ Sófíẹ̀ẹ̀tì ni Cubana ń lò. Nígbà tí Sófíẹ̀ẹ̀tì fọ́ ní ọdún 1991, epo àti ohun èlò wọ́n bí ojú. Ọkọ̀ àyálò ni wọ́n ń wá kiri. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Boeing 737 kan tí Cubana yá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Mẹ́síkò, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ ogójì ọdún, ṣubú kété tí ó gbéra ní Havana. Ènìyàn 112 kú, ẹnì kan ṣoṣo ni ó yè.

Láàrin ìgbà náà, ilẹ̀kùn ti ṣí, ó ti tún padé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ọkọ̀ JetBlue ti Fort Lauderdale dé Santa Clara, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó ń rìn déédéé lẹ́yìn ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìjọba mìíràn ní Washington fòfin de gbogbo ìlú Kúbà yàtọ̀ sí Havana. Ní ọdún 2022 wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Òfurufú tí a ń wí yìí kò yí padà láti ìgbà ayé Rosillo.

Mo ti pẹ́ lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan ní Matanzas. Ilé rẹ̀ ni wọ́n mú mi lọ láti gbọ́ orin Yemọja. Ọmọ Lukumí ni, ó sì fi ìgbéraga sọ fún mi, nípasẹ̀ ògbufọ̀, pé òun ṣì rántí ọdún 1987 tí Ọọ̀ni Ṣíjúwadé wá sí Kúbà, pé inú àwọn àgbààgbà dùn débi pé wọ́n sunkún: àwọn ni a kó lọ, ọba wọn sì fò wá bá wọn. Mo bi í bóyá òun náà ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ó ní rárá. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ni ó wọ̀ ọ́ ní Varadero ní ọdún 1968. Láti ọjọ́ náà ni òun ti máa ń jáde sí àgbàlá nígbàkigbà tí òun bá gbọ́ ìró ọkọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, títí tí ìró náà fi dákẹ́ ní ọdún 1973.

Nígbà tí ìjọba gbà kí àwọn tí ó lọ máa wá kí ará ilé wọn, àbúrò náà wá ní ọdún 1979. Ìyá àgbà ti se oúnjẹ sílẹ̀ láti òru, nítorí ó dá a lójú pé ebi yóò ti pa ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ọkùnrin náà jókòó, ó wo oúnjẹ, ó sì sọ fún un pé ebi kò tíì pa òun, pé wọ́n bu kọfí fún òun nínú ọkọ̀, òun kò sì tíì mu ún tán tí wọ́n fi ní kí àwọn so bẹ́líìtì mọ́ra, nítorí àwọn ti dé.